Labalábá Inú Iyọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ rí labalábá yìí, àfi kó kúnlẹ̀. Kì í fò lókè tí èèyàn á fi gbójú sókè wò ó. Ní gúúsù Kalifọ́níà, ní etí adágún omi kan tí wọ́n ń pè ní Salton Sea, ilẹ̀ funfun bí ìgbà tí wọ́n sá láfún lé e lórí, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni. Ibẹ̀ fi nǹkan bí 70 mítà rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Ní 1905 ni odò Colorado já gba inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ láti fi bomi rin oko, ó ya wọ àfonífojì náà, ó sì tó nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó rí i dí. Láti ìgbà náà ni oòrùn ti ń fa omi tí iyọ̀ ń ṣẹ́ kù, títí adágún náà fi kọjá òkun fúnra rẹ̀ ní iyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí a bá kúnlẹ̀ síbẹ̀ níwájú igi kúkúrú kan tí ewé rẹ̀ dà bíi fàdákà tó ti ṣá, tí a sì mú sùúrù, ohun kan bí eruku á gbéra lára ewé, á fò bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, á tún bà. Òun nìyẹn.

Bí ó bá na ìyẹ́ rẹ̀ tán pátápátá, láti ṣóńṣó ọ̀tún dé ṣóńṣó òsì kì í ju mìlímítà 12 sí 20 lọ. Ẹ mú hóró ìrẹsì méjì, ẹ tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn lórí tábìlì: èyí tó kéré jù nínú wọn kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí labalábá tó kéré tó o ní Àríwá Amẹ́ríkà, ó sì wà lára àwọn tó kéré jù lọ láyé. Brephidium exilis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wá láti inú èdè Gíríìkì, ọmọ ọwọ́ ló ń tọ́ka sí. Èkejì jẹ́ ti Látìn, ó túmọ̀ sí tín-ín-rín. Ọmọ ọwọ́ tín-ín-rín. Nínú gbogbo orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń fún kòkòrò, mi ò tíì rí èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn bíi rẹ̀.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Mo gba òwe náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń tọpa ọmọ ọwọ́ yìí, mo rí i pé kò fi ara rẹ̀ wé ẹnì kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ló mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Bí a ṣe máa ń jókòó ti aláró létí ìkòkò rẹ̀, tí a kò sọ̀rọ̀, tí a kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a wo iṣẹ́ yìí.

Igi tó ń gbé ni ká kọ́kọ́ wò. Saltbush ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, igi oníyọ̀. Mọ̀lẹ́bí tẹ̀tẹ̀ ni. Tẹ̀tẹ̀ tí à ń já lẹ́yìnkùlé, ṣọkọ tí à ń rò pọ̀ mọ́ ata àti irú, ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú igi aṣálẹ̀ yìí. Òun kàn jẹ́ ẹni tó lọ tẹ̀dó sí ilẹ̀ líle nínú ẹbí ni. Omi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń fà mu kún fún iyọ̀, irú iyọ̀ tí ìlá tàbí àgbàdo bá mu tí á rọ, tí á kú. Igi náà kò lè dá iyọ̀ náà padà sílẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tì í jáde sí awọ ewé. Lórí ewé kọ̀ọ̀kan, ó to àpò kéékèèké róbótó-róbótó sí orí igi tín-ín-rín, àpò tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń rọ iyọ̀ sínú wọn. Bí àpò kan bá kún, á bẹ́, á gbẹ, iyọ̀ á kù sójú ewé. Ohun tó ń dán bíi fàdákà tí a rí láti ọ̀nà jíjìn, àwọn àpò yẹn àti iyọ̀ inú wọn ni. Wọ́n ń dá ìtànṣán oòrùn padà, ewé abẹ́ wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Iyọ̀ tí ì bá pa á ló fi ṣe agboòrùn.

Ewé yìí gan-an ni ìyá labalábá ń wá kiri. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Ó ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò kánjú, ó ń bà lé ewé kan, ó ń kúrò, ó ń bà lé òmíràn. Labalábá ní ohun tó fi ń mọ adùn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Bó bá ti fẹsẹ̀ kan ewé ló ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ewé náà bá jẹ́ irú èyí tí ọmọ rẹ̀ lè jẹ, á tẹ ìdí wálẹ̀, á sọ ẹyin kan. Ẹyọ kan. Á gbéra, á wá ewé mìíràn. Ojú òkè ewé ló sábà máa ń yé e sí, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí kì í dé lára igi náà. Bí ẹni ń gbin ẹ̀gúsí ni, hóró síhìn-ín, hóró sọ́hùn-ún, kó má baà jẹ́ pé ibi tí ọ̀kẹ́rẹ́ bá ti rí àkọ́kọ́ ni á ti rí gbogbo rẹ̀. Agbọ́n tó bá rí ẹyin kan kò tíì mọ ibi tí èkejì wà. Àpamọ́ tó ṣòro ni, nítorí ó ń gba àsìkò púpọ̀ lọ́wọ́ ìyá tí ọjọ́ ayé rẹ̀ kò gùn, ó sì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tọ́ ewé kọ̀ọ̀kan wò ní tuntun.

Ẹyin náà fúnra rẹ̀ kò tó mìlímítà kan. Ó rí pẹrẹsẹ bí àkàrà tí wọ́n fi ìka tẹ̀ ní àárín, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí omi aró tí a ti là, tó kù díẹ̀ kó di funfun. Bí wọ́n bá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, wọ́n á rí i pé gbogbo ara rẹ̀ ló ní iṣẹ́ ọnà, bí àwọ̀n tí apẹja ta.

Ọmọ tó jáde kò jọ labalábá rárá. Àwọn tó ti rí kanni lọ́jà Ìlọrin, èyí tí òun jẹ́ ọmọ àfòpiná, á ní ohun tí wọ́n lè fi ṣe ìwọ̀n, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́ di kékeré títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí. Ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, orí rẹ̀ sì ń wọnú lọ sábẹ́ awọ bíi ti ìjàpá. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ewé rírẹ̀ tó fẹ́ di funfun, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ sì kún fún kókó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tí orí kọ̀ọ̀kan wọn funfun. Mo wo àwòrán rẹ̀ lórí ewé igi oníyọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí n tó rí ibi tí ewé ti parí tí kòkòrò ti bẹ̀rẹ̀. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí òun náà lẹ́yìn. Ó ń jẹ ewé, ó ń jẹ òdòdó, ó ń jẹ èso tútù, kò sí ibi tí kì í jẹ lára igi náà.

Èèrà ló ń ṣọ́ ọ. Ibí yìí ni mo rò pé iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ jù. Láàárín àwọn ẹbí labalábá yìí, tí wọ́n pọ̀ káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ní ojú ihò kan lẹ́yìn, nítòsí ìdí, tí oje dídùn ń sun jáde lára rẹ̀. Èèrà á wá, á fi ìwo rẹ̀ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, oje á yọ, èèrà á lá a. Nítòsí ojú ihò náà, ọ̀pá rírọ̀ méjì tún wà tí ọmọ náà lè nà jáde bí ohun kan bá dẹ́rù bà á, àwọn èèrà á sì dìde ogun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Agbọ́n àti eṣinṣin tó fẹ́ yé ẹyin sí i lára kò ní rí àyè. Ó tún ní awọ tó nípọn ju ti àwọn ọmọ labalábá mìíràn lọ, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ bá èèrà gbé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé èèrà lè ṣì í bù jẹ.

Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń wo èyí bí owó ọ̀yà: ìwọ ṣọ́ mi, kí n bọ́ ọ. Ní 2015, Masaru Hojo, Naomi Pierce àti Kazuki Tsuji tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀kan nínú àwọn ìbátan rẹ̀ ní Japan. Wọ́n rí i pé èèrà tó bá mu oje ọmọ labalábá náà kì í fẹ́ rìn jìnnà mọ́. Oje náà ń dín ohun kan tí wọ́n ń pè ní dopamine kù nínú ọpọlọ rẹ̀. Èèrà á dúró ti ọmọ náà, inú á sì máa tètè bí i sí ohunkóhun tó bá sún mọ́ tòsí nígbà tí ọmọ náà bá na ọ̀pá rẹ̀ jáde. Bí ẹni pe ọdẹ àdúgbò wá, tó fún un ní ẹmu tí kò ní jẹ́ kó rántí ilé mọ́ ni. Ti Japan ni wọ́n dán wò, wọn kò dán ọmọ ọwọ́ aṣálẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹbí kan ni wọ́n, mi ò sì lè wo èèrà tó rọ̀gbà yí ọmọ tiwa yìí ká mọ́ kí n máa pè é ní òṣìṣẹ́ tó kàn ń gbowó.

Nígbà tó bá yá, ọmọ náà á so ara rẹ̀ mọ́ igi pẹ̀lú òwú tín-ín-rín tí òun fúnra rẹ̀ tu jáde lẹ́nu, awọ tuntun á bò ó, ohun gbogbo inú rẹ̀ á sì di títún tò. Ìyẹ́ ló máa bá jáde.

Bí ìyẹ́ náà bá là, bàbà ni àwọ̀ rẹ̀, bàbà tó ti pẹ́ nínú àká, tí búlúù díẹ̀ sì yọ nídìí rẹ̀ níbi tó ti so mọ́ ara. Ẹni tó bá ti mú labalábá rí lọ́mọdé mọ eruku tó máa ń lẹ̀ mọ́ni níka. Ìpẹ́ ni eruku yẹn, a tò ó léra bíi ti ẹja. Nínú búlúù ibẹ̀, kò sí aró kankan. Bí aláró bá gún un lódó, kò ní rí ẹ̀lú nínú rẹ̀. Nínú ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan ni awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti jókòó lé ara wọn, àlàfo àárín wọn kéré débi pé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé, búlúù nìkan ló ń rí ọ̀nà padà síta. Ìrísí awẹ́ náà ló ń ṣe àwọ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ń fi ewé, eérú àti ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe, afẹ́fẹ́ àti awẹ́ ló fi ṣe é.

Èmi fúnra mi fẹ́ràn abẹ́ ìyẹ́ náà ju òkè rẹ̀ lọ. Ní etí ìyẹ́ ẹ̀yìn, ojú dúdú wẹ́wẹ́ to lọ lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ń kọ mànà lára rẹ̀. Labalábá irú èyí bá bà, á pa ìyẹ́ dé, á wá máa fi ìyẹ́ ẹ̀yìn ra ara wọn, sókè, sísàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojú ẹni tó ń wò ó á lọ síbẹ̀, á rò pé orí ló wà lọ́hùn-ún. Andrei Sourakov, ní Florida, kó ìbátan rẹ̀ kan tó ní irú orí èké bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ aláǹtakùn tó máa ń bẹ́ mọ́ ẹran, ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ ní 2013. Léraléra ni aláǹtakùn náà bẹ́ mọ́ orí èké, léraléra ni labalábá náà bọ́. Àwọn labalábá oríṣi mìíràn tó kó síbẹ̀ kò rí bọ́. A máa ń sọ pé labalábá tó bá dìgbò lẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á ya. Ti ọmọ ọwọ́ yìí á ya lóòótọ́. Ṣùgbọ́n etí aṣọ ló máa ya, kò ní dé ara.

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fara da òtútù. Èyí nìkan ni mo rí tí iṣẹ́ náà kò dé. Ọ̀pọ̀ labalábá ní ibi kan nínú ìgbésí ayé wọn tí wọ́n lè sùn sí títí òtútù á fi kọjá. Òun kò ní. Ní gúúsù Texas, ó ń fò yíká ọdún. Láti irú ilẹ̀ olóoru bẹ́ẹ̀ ló ti ń gbéra lọ́dọọdún, bàbá kò ní dé, ọmọ á tẹ̀ síwájú, ọmọ ọmọ á tún tẹ̀ síwájú, títí wọn á fi dé Nebraska àti Oregon kí ọdún tó parí. Arthur Shapiro, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Kalifọ́níà tó wà ní Davis, bẹ̀rẹ̀ sí í rin ojú ọ̀nà kan náà ní 1972, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ó ń ka labalábá láti etí omi títí dé orí òkè Sierra Nevada. Irú àwọn ènìyàn báyìí ló jẹ́ ká mọ̀ pé ohun tí kò fẹ̀ ju hóró ìrẹsì méjì lọ lè gbéra ìrìn àjò lọ́dọọdún, kó sì pọ̀ lọ súà nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, kí yìnyín tó pa gbogbo àwọn tó wà lápá àríwá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún gbéra láti gúúsù.

Ohun tó ń rìn lé lórí ni èpò. Láàárín àwọn ọdún 1870, irúgbìn ẹ̀gún kan láti Rọ́ṣíà bá irúgbìn mìíràn wọ South Dakota láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Bó bá gbẹ, á já nídìí, atẹ́gùn á máa yí i kiri bíi bọ́ọ̀lù, á máa da irúgbìn sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kórìíra rẹ̀ gidigidi. Igi oníyọ̀ mìíràn tún wà tí wọ́n kó wá sí Kalifọ́níà láti Ọsirélíà fún oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Àwọn baba ńlá ọmọ ọwọ́ yìí kò rí ìkankan nínú wọn rí. Ìyá labalábá bà lé wọn, ó fẹsẹ̀ tọ́ wọn wò, ó mọ̀ pé ẹbí tẹ̀tẹ̀ ni, ó sì yé ẹyin sí wọn lára. Lónìí, etí títì, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ tó ti dahoro, ibi tí ilẹ̀ ti bàjẹ́ tí èpò ti gorí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba ìbátan rẹ̀ kan. Ní nǹkan bí 1850, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Pierre Lorquin bá àwọn tó ń wá wúrà lọ sí Kalifọ́níà, ó sì ń kó labalábá ránṣẹ́ sí dókítà Boisduval ní Paris. Ní 1852, Boisduval fún wọn lórúkọ nínú ìwé kan náà. Ọmọ ọwọ́ wa wà nínú wọn. Òmíràn tó wà nínú wọn ni Xerces, labalábá búlúù tó rẹwà tó ń gbé orí òkìtì yanrìn ní San Francisco. Yanrìn yẹn àti ewéko orí rẹ̀ ló mọ̀. Ìlú fẹ̀, wọ́n kọ́lé bo yanrìn náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940 ni ojú ènìyàn rí i kẹ́yìn láàyè. Ẹgbẹ́ tí Robert Michael Pyle dá sílẹ̀ ní 1971 láti dáàbò bo àwọn kòkòrò ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí. Xerces náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò ṣe àṣìṣe kankan. Ilẹ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lè kọ nípa èyí tó kù kí n má sunkún èyí tó lọ.

Èyí tó kù ti rìn jìnnà. Ní 1978 ni wọ́n rí i ní Hawaii, láàárín agbami òkun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bá a ní etíkun ilẹ̀ Lárúbáwá, lápá ibi tí Dubai wà, ní òdìkejì ayé. Torben Larsen, ẹni tí ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn labalábá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jáde ní 2005, tí kò sì yọ ti Nàìjíríà sílẹ̀, wà lára àwọn tó kọ̀wé ní 2006 pé àlejò ará Amẹ́ríkà yìí ti tẹ̀dó síbẹ̀. Ó jọ pé inú ewéko tí wọ́n kó wá láti òkèèrè ló bá wọlé. Kí á fojú inú wo ìyá àkọ́kọ́ tó jáde níbẹ̀: oòrùn náà gbóná bíi ti ilé, ilẹ̀ náà funfun bíi ti ilé, ṣùgbọ́n kò sí igi kan tó mọ̀. Ó fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bà lé ewé kan, ó kúrò. Ó bà lé òmíràn. Ó fẹsẹ̀ tọ́ ọ wò, ó dúró díẹ̀, ó tẹ ìdí wálẹ̀, ó sì fi ẹyin kan sílẹ̀ síbẹ̀.